Kẹ̀kẹ́ oníná tó ń gbọ̀n tí kò fẹ́ gbéra: kí ẹ tó ra mọ́tò tuntun

Ẹsẹ̀KìíLárẹ̀

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Látìgbà tí òjò ti pa kẹ̀kẹ́ oníná mi ló ti yí ìwà padà. Àárín táyà ẹ̀yìn ni mọ́tò rẹ̀ wà, irú èyí tó ní gíà kéékèèké nínú. Bátìrì rẹ̀ jẹ́ 48V. Bí mo bá fẹ́ gbéra, yóò gbọ̀n gìrìgìrì, yóò máa kùn, kò sì ní lọ síbì kankan. Ṣùgbọ́n tí mo bá fi ẹsẹ̀ wà á títí tí táyà fi ń yí dáadáa, mọ́tò á gbà á lọ́wọ́ mi, á máa fà mí lọ, àmọ́ agbára rẹ̀ kò pé bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń bá mi tún un ṣe ní mọ́tò ti kú, kí n lọ ra òmíràn. Kò tú nǹkan kan o, ó kàn fetí sí i ni. Ṣé bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ rí?

WáyàMẹ́ta

Ẹ kú ìrọ́jú, ọ̀gá. Ẹ má tíì náwó. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Mọ́tò tó bá jóná gan-an, yálà kó dákẹ́ pátápátá, tàbí kó le débi pé táyà kò ní fẹ́ yí mọ́. Èyí tó ń gbọ̀n níbẹ̀rẹ̀, tó sì ń lọ nígbà tó bá ti rí eré, wáyà ni mo máa kọ́kọ́ fura sí.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Nínú mọ́tò yẹn, òòfà ló ń yí, wáyà bàbà tí wọ́n wé kì í kúrò lójú kan. Wáyà nínípọn mẹ́ta ló ń gbé iná wọlé: yẹ́lò, aláwọ̀ ewé àti búlúù. Kọ̀ǹtírólà, àpótí kékeré tó ń darí iná láti bátìrì, ló ń pín iná fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ìtẹ̀léra, kí òòfà lè máa tẹ̀ lé e yípo. Ṣùgbọ́n kí kọ̀ǹtírólà tó mọ èyí tó kàn, ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tí òòfà wà. Iṣẹ́ sẹ́ńsọ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní Hall nìyẹn (orúkọ Edwin Hall tó ṣàwárí bí òòfà ṣe ń ti iná sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní 1879 ni wọ́n fi ń pè é). Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ márùn-ún ló ń bá wọn ṣiṣẹ́: pupa gbé 5V lọ, dúdú gbé e padà, àwọn mẹ́ta yòókù sì ń mú ìròyìn wá fún kọ̀ǹtírólà, sẹ́ńsọ̀ kan fún wáyà kan.

Bí ọ̀kan nínú àwọn wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ yìí bá já, tàbí bí ọ̀kan nínú àwọn nínípọn kò bá kan ara wọn dáadáa, ohun tí ẹ máa rí ni ohun tí ẹ ṣàpèjúwe yẹn. Nígbà tí táyà bá ti ń yí, kọ̀ǹtírólà mìíràn lè fi ọgbọ́n mọ ibi tí òòfà wà láìsí sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ló jẹ́ kó gbà nígbà tí ẹ bá fi ẹsẹ̀ ràn án lọ́wọ́.

Ṣé ẹ ní mítà tí wọ́n fi ń wọn iná? Èyí tó kéré jù lọ tó.

BíréèkìNáà

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó gbé mítà, ẹ kọ́kọ́ yọ plọ́ọ̀gì ọwọ́ bíréèkì méjèèjì. Súwíìsì kékeré kan wà nínú wọn tó ń gé iná mọ́tò bí a bá ti di bíréèkì mú. Bí omi tàbí eruku bá wọ ibẹ̀, tàbí bí ọwọ́ bíréèkì kò bá padà sáyè rẹ̀ tán, kọ̀ǹtírólà yóò gbà pé ẹ ṣì ń tẹ bíréèkì. Mọ́tò tí wọ́n ti sọ pé ó kú tó jẹ́ pé súwíìsì bíréèkì ló dá a dúró pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ.

WáyàMẹ́ta

Òótọ́ ni ẹ sọ, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń kà á rántí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ti ọ̀gá yìí kò jọ ọ́. Súwíìsì bíréèkì tó há máa ń pa mọ́tò lẹ́nu mọ́ ni, kò ní kùn, kò ní gbọ̀n. Sìkírínì á tàn, iná iwájú á tàn, mọ́tò á sì dákẹ́. Bí ti ẹnikẹ́ni bá rí báyìí, bíréèkì ni kó kọ́kọ́ yẹ̀ wò, lẹ́yìn náà tọ́rótùlù (ohun tí a ń yí lọ́wọ́ láti fún mọ́tò níná), lẹ́yìn náà sẹ́ńsọ̀ ìdí pẹ́dàlì. Sẹ́ńsọ̀ pẹ́dàlì yẹn, òòfà kéékèèké tí wọ́n tò yípo ló ń kà. Bí àwo róbótó tí òòfà náà wà lára rẹ̀ bá ti sún kúrò níwájú sẹ́ńsọ̀, ẹ lè wa pẹ́dàlì dalẹ́, mọ́tò kò ní mọ̀. Mìlímítà díẹ̀ péré ló yẹ kó wà láàárín wọn.

Tọ́rótùlù náà ní sẹ́ńsọ̀ Hall nínú. Bí ẹ kò bá yí i, wáyà ìròyìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní nǹkan bíi 0.8V sí 1V. Bí ẹ bá yí i tán, ó gbọ́dọ̀ gòkè ré kọjá 3.5V. Bí kò bá kúrò lójú kan, ibẹ̀ ni ìṣòro wà, kì í ṣe mọ́tò.

Ẹsẹ̀KìíLárẹ̀

Mo yọ bíréèkì méjèèjì, kò yí padà, ó ṣì ń gbọ̀n. Mo ní mítà. Bátìrì wà ní 53V. Kí ni kí n ṣe báyìí?

WáyàMẹ́ta

53V dára. Ẹni tí kò bá mọ̀: bátìrì 48V kì í dúró sórí 48V. Sẹ́ẹ̀lì 13 ló wà ní ìtẹ̀léra nínú rẹ̀, bó bá kún ó máa tó 54.6V, kọ̀ǹtírólà sì máa ń gé iná nígbà tó bá lọ sílẹ̀ tó nǹkan bíi 39V. Ti 36V ní sẹ́ẹ̀lì 10, ó kún ní 42V. Ẹ wò ó nígbà tí mọ́tò ń ṣiṣẹ́ gan-an, kì í ṣe nígbà tí kẹ̀kẹ́ dúró. Bátìrì tó ti gbó lè fi 53V hàn lórí ìdúró, kó sì já wálẹ̀ wìì bí ẹ bá ti dojú kọ òkè. Ẹni tó ń gùn ún á ní mọ́tò ti rẹ̀.

Ó kan sẹ́ńsọ̀ Hall. Ẹ gbé táyà ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí plọ́ọ̀gì mọ́tò wà lójú rẹ̀, kí ẹ tan kẹ̀kẹ́. Ẹ gbé ẹnu dúdú mítà sí wáyà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ láti ẹ̀yìn plọ́ọ̀gì, kí ẹ gbé ẹnu pupa sí wáyà pupa tẹ́ẹ́rẹ́. Ó yẹ kí ẹ rí nǹkan bíi 5V (àwọn mìíràn ń lo 4.3V tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀). Bí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀, ẹ má wá sẹ́ńsọ̀ kiri, kọ̀ǹtírólà kò fún wọn ní iná ni.

Bí 5V bá wà, ẹ fi ẹnu pupa mítà sí wáyà yẹ́lò, kí ẹ rọra fi ọwọ́ yí táyà. SẸ́YÌN o, nítorí pé mọ́tò onígíà ní kílọ́ọ̀ṣì nínú, bí ẹ bá yí i síwájú, ìta nìkan ló máa yí, òòfà inú kò ní mì. Nọ́ńbà mítà gbọ́dọ̀ máa fò sókè sódò láàárín òdo àti 5V. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún aláwọ̀ ewé àti búlúù. Èyí tí kò bá fò nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun la ń wá. Ohun kan tún wà: nínú ọ̀pọ̀ jù lọ mọ́tò tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ péye, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í wà lókè lẹ́ẹ̀kan náà, wọn kì í sì í wà nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ ṣọ́ ọwọ́ yín. Bí irin mítà bá yọ̀, tó so wáyà nínípọn pọ̀ mọ́ wáyà 5V, kọ̀ǹtírólà lè kú lójú ẹsẹ̀.

SípánàMọ́kànlá

Kí n fi ti wáyà nínípọn kún un. Èyí kò nílò mítà rárá. Ẹ pa kẹ̀kẹ́, ẹ yọ bátìrì, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì títàn lẹ́ẹ̀kan kí iná tó kù nínú kọ̀ǹtírólà lè tán. Ẹ yọ plọ́ọ̀gì mọ́tò. Ẹ yí táyà sẹ́yìn. Ó yẹ kó yí wọ́ọ́rọ́wọ́, pẹ̀lú ìfà díẹ̀díẹ̀ ti òòfà. Ẹ wá so wáyà nínípọn méjì pọ̀ mọ́ra wọn, kí ẹ tún yí i. Táyà á le lọ́wọ́ yín. Ẹ dán an wò fún yẹ́lò àti ewé, ewé àti búlúù, búlúù àti yẹ́lò. Líle náà gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí méjì nínú rẹ̀ kò bá le, wáyà tí àwọn méjèèjì jọ ní ló já.

Bí táyà bá le láìjẹ́ pé ẹ so nǹkan kan pọ̀ nígbà tí plọ́ọ̀gì wà níta, bàbà inú mọ́tò ti jóná, àwọn wáyà ti kan ara wọn. Ìyẹn gan-an ni mọ́tò tó kú. Ṣùgbọ́n bó bá le nígbà tí plọ́ọ̀gì wà lójú rẹ̀, tó sì fúyẹ́ nígbà tí ẹ yọ ọ́, kọ̀ǹtírólà ló ti jó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ra mọ́tò tuntun nítorí àìmọ ìyàtọ̀ méjì yìí, wọ́n á sì tún gbé e lé kọ̀ǹtírólà tó ti jó yẹn.

Ìró_Ajá_Inú_Táyà

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé mo já wọ inú ọ̀rọ̀. Tèmi kì í gbọ̀n, ó ń pariwo ni. Ó ń ṣe kà-kà-kà bí mo bá fún un níná, bí mo bá jáwọ́ á dákẹ́. Irú mọ́tò kan náà ni.

SípánàMọ́kànlá

Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí iná wà lórí rẹ̀ nìkan ló ń pariwo, gíà ni. Gíà mẹ́ta wà nínú rẹ̀ tí wọ́n fi náílọ́ọ̀nù ṣe, wọ́n sì ń yí ká gíà irin kan láàárín. Eyín ọ̀kan ti ká ni. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ohun tó rọ̀ lè kọ́kọ́ bàjẹ́ kí irin má baà bàjẹ́. A lè rà wọ́n lọ́tọ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lápapọ̀, ẹ má pààrọ̀ ọ̀kan péré. Ẹ ka eyín wọn, kí ẹ wọn fífẹ̀ wọn kí ẹ tó rà, nítorí pé wọ́n jọra wọn ní ojú ṣùgbọ́n wọn kò bára mu. Bí ẹ bá ti ṣí i, ẹ nu gírísì àtijọ́ kúrò, ìdọ̀tí náílọ́ọ̀nù tó ti lọ̀ kúnná wà nínú rẹ̀. Gírísì tí kò ń ba náílọ́ọ̀nù jẹ́ ni kí ẹ fi sí i, díẹ̀ péré, kí ẹ má sì fi rẹ́ kílọ́ọ̀ṣì lójú, torí ó lè máa yọ̀.

Bí ìró bá wà bóyá iná wà tàbí kò sí, tó sì ń hùn, bẹ́árìn ni. Bí mọ́tò bá ń kùn fẹ̀ẹ́ẹ́ tí kẹ̀kẹ́ kò lọ, kílọ́ọ̀ṣì ti jáwọ́ tàbí kọ́kọ́rọ́ irin tó di gíà mú ti gé. Bó bá jẹ́ pé ó ń fọ́n bíi pé irin ń ha irin, ẹ dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀: òòfà ti lè ya kúrò lára ibi tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́, bó bá gùn sí i, á ha bàbà ya.

Kí ló fa eyín tó ká? Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ, bí a ṣe ń gbéra ni. Ẹni tó bá ń fún un ní iná tán láti ojú ìdúró, lórí òkè, pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, kò lè bá náílọ́ọ̀nù ṣọ̀rẹ́. Ẹ fi ẹsẹ̀ wà á díẹ̀ kí ẹ tó yí tọ́rótùlù.

ÒkèÒkè

Ìyẹn gan-an lọ̀rọ̀ mi. Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ wáyà, èmi ń sọ̀rọ̀ ooru, torí pé ooru ló ń pa mọ́tò tó kú gan-an. Ooru inú bàbà kì í pọ̀ sí i ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú iná. Bí iná bá di ìlọ́po méjì, ooru á di ìlọ́po mẹ́rin. Lórí òkè, bí kẹ̀kẹ́ bá ń rìn bí ìgbín, mọ́tò ń gba iná púpọ̀ ṣùgbọ́n kò fi yí táyà, ó ń fi dáná ni. Bí táyà bá dúró pátápátá tí ẹ ṣì ń fún un níná, gbogbo iná tó ń wọlé ló ń di ooru.

Ìwọ̀n tí mo máa ń lò ni pé kí eré lórí òkè má ṣe rẹlẹ̀ ju ìlàjì eré tí táyà máa ń sá nígbà tí a gbé e kúrò nílẹ̀ lọ. Bó bá ti ń rẹlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo máa fi ẹsẹ̀ kún un, tàbí kí n dín iná kù, tàbí kí n sọ̀ kalẹ̀ kí n tì í. Kò sí ìtìjú nínú títi kẹ̀kẹ́.

Ẹ má gbára lé fífi ọwọ́ kan ìta mọ́tò. Nínú mọ́tò onígíà, afẹ́fẹ́ wà láàárín bàbà àti èèpo ìta, nítorí náà inú lè ti ń jó kí ìta tó gbóná. Òòfà náà kò fara da gbogbo ooru. Irú òòfà neodymium tó wọ́pọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù agbára rẹ̀ ní nǹkan bíi 80°C, àwọn tó dára jù lè fara da 120°C tàbí 150°C, ìyẹn kò sì sí nínú ìwé tí wọ́n fi ta kẹ̀kẹ́ fún yín. Agbára tó bá sì lọ báyìí kì í padà. Àmì rẹ̀ yani lẹ́nu: bí ẹ bá gbé táyà sókè, á sáré JU ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n lórí òkè kò ní lè fà yín, á sì máa jẹ bátìrì. Àwọn ènìyàn máa ń rí eré yẹn, wọ́n á ní mọ́tò dára.

Bí ẹ bá ní kọ̀ǹtírólà tí a lè tò, ẹ dín ìwọ̀n iná tó pọ̀ jù lọ kù díẹ̀. Ọjọ́ ayé mọ́tò máa ń gùn sí i ju bí ẹ ṣe rò lọ.

KòsíÀṣírí

Ẹ̀gbọ́n ÒkèÒkè, mo gbà, àmọ́ ẹ má fi gbogbo ẹ̀bi lé ooru lórí. Nínú mọ́tò inú táyà, ohun tí mo ń rí jù ni ọ̀pá àárín táyà tó yí. Mọ́tò ń ti táyà síwájú, nítorí náà ọ̀pá àárín fẹ́ yí sẹ́yìn, ibi tí wọ́n fi há a nínú férémù nìkan ló sì ń dá a dúró. Bí nọ́ọ̀tì bá tú, ọ̀pá á yí, á sì wé wáyà mọ́ra bí ẹni ń fún aṣọ. Ní ìṣẹ́jú kan, wáyà mẹ́jọ ti gé tán. Bó bá jẹ́ iwájú ni mọ́tò wà, tí fọ́ọ̀kù sì jẹ́ alumíníọ́mù, irin náà lè ya, táyà á sì bọ́ kúrò lórí eré.

Apá irin kan wà tí wọ́n ń fi sí ọ̀pá yẹn kó má baà yí. Ẹ fi sí i. Ẹ fi méjì sí i bí mọ́tò bá lágbára, pàápàá bí ó bá ní bíréèkì tó ń dá iná padà sínú bátìrì, torí pé ìyẹn ń ti ọ̀pá síwájú sẹ́yìn léraléra, ó sì ń tú nọ́ọ̀tì. Ẹ tún fún nọ́ọ̀tì náà le lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ tí ẹ bá ti pààrọ̀ táyà.

Pẹ́dàlìLáàárín

Gbogbo èyí jẹ́ ti mọ́tò inú táyà. Àwa tí mọ́tò wa wà ní ìdí pẹ́dàlì, ìyà tiwa yàtọ̀. Sìkírínì máa ń sọ nọ́ńbà fún wa, ẹ ka ìwé tó bá kẹ̀kẹ́ wá, torí pé nọ́ńbà kan náà kì í jẹ́ ohun kan náà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ méjì. Lórí mọ́tò ilé iṣẹ́ Bafang, 08 jẹ́ sẹ́ńsọ̀ Hall inú mọ́tò, 10 jẹ́ ooru, 21 jẹ́ sẹ́ńsọ̀ eré, 30 jẹ́ pé àwọn ẹ̀yà kò gbúròó ara wọn, ìyẹn sì sábà máa ń jẹ́ plọ́ọ̀gì. Lórí Bosch, 503 jẹ́ sẹ́ńsọ̀ eré. Lórí Shimano, W013 túmọ̀ sí pé sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn agbára ẹsẹ̀ kò rí àyè tò ara rẹ̀ nígbà tí ẹ tan kẹ̀kẹ́, torí pé ẹsẹ̀ yín wà lórí pẹ́dàlì. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò, ẹ pa á, ẹ tún un tàn.

Sẹ́ńsọ̀ eré yẹn ló ń dààmú ènìyàn jù. Òòfà kékeré kan wà lára sípóòkù ẹ̀yìn, sẹ́ńsọ̀ sì wà lára férémù. Ẹ gba inú igbó kọjá, igi kan kọlu òòfà, ó yí díẹ̀, mọ́tò á wá máa ràn yín lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀, á sì gé. Sípánà kékeré àti ojú tó ríran ló tún un ṣe.

Ohun kejì ni ṣéènì. Agbára mọ́tò àti ti ẹsẹ̀ yín jọ ń gba orí ṣéènì kan kọjá. Ẹ fi ìwọ̀n ṣéènì wò ó, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti gùn sí i tó 0.5%, kó tó ba gíà ẹ̀yìn jẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ yí gíà, ẹ dẹ ẹsẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ẹ sì máa lo gíà kékeré lórí òkè! Èrè mọ́tò ìdí pẹ́dàlì nìyẹn: ó lè sáré nígbà tí táyà ń rọra yí, ooru rẹ̀ á sì dín kù. Ẹni tó bá ń gun òkè lórí gíà tó wúwo jù ti sọ èrè náà nù.

Ẹsẹ̀KìíLárẹ̀

Mo ti padà dé. Mo so wáyà nínípọn pọ̀ bí SípánàMọ́kànlá ṣe wí, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta le bákan náà. Sẹ́ńsọ̀: 5V wà, yẹ́lò ń fò, búlúù ń fò, aláwọ̀ ewé kò kúrò ní òdo rárá. Ṣé kí n tú mọ́tò báyìí kí n pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀?

WáyàMẹ́ta

Ó kù díẹ̀. Ẹ̀ ń wọn án láti ọ̀dọ̀ kọ̀ǹtírólà ni àbí láti ọ̀dọ̀ mọ́tò? Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹtírólà nìkan, a kò tíì mọ̀ bóyá sẹ́ńsọ̀ ló kú tàbí plọ́ọ̀gì ni kò jẹ́ kí ìròyìn rẹ̀ kọjá. Ẹ yọ plọ́ọ̀gì, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀.

BíréèkìNáà

Ẹ wo ọfà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó dá a padà. Plọ́ọ̀gì olómi-kò-wọ̀ yẹn, wọ́n ń tì í gbọọrọ ni, wọn kì í lọ́ ọ. Ẹni tó bá lọ́ ọ á tẹ pín-ìn-nì (irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀).

Ẹsẹ̀KìíLárẹ̀

Ẹ wò ó! Omi wà nínú rẹ̀, pín-ìn-nì kan ti ṣe àwọ̀ ewé bíi bàbà àtijọ́, ó sì tẹ̀ díẹ̀. Aláwọ̀ ewé gan-an ni. Mo fi oògùn ìfọ plọ́ọ̀gì nù ún, mo fi ẹnu abẹ́rẹ́ tọ́ pín-ìn-nì rẹ̀, mo jẹ́ kó gbẹ. Ó gbéra wọ́ọ́! Kò gbọ̀n mọ́. Ẹ ṣé o, ẹ ṣé gan-an. Kí ni kí n fi sí i kí omi má padà wọ̀ ọ́? Ẹnì kan ní kí n fi gírísì dí i.

KòsíÀṣírí

Ẹ má fi gírísì táyà dí i. Ẹ fi gírísì sílíkọ́ọ̀nù díẹ̀ sí etí rọ́bà rẹ̀.

SípánàMọ́kànlá

Èmi kò fara mọ́ gírísì kankan nínú plọ́ọ̀gì. Ó ń gbá eruku jọ, ẹni tó bá tún un ṣe lẹ́yìn yín á sì máa bú yín.

WáyàMẹ́ta

Ẹ̀yin méjèèjì ní ẹjọ́ rere, ṣùgbọ́n ibi tí omi gbà wọlé ló ṣe pàtàkì jù. Ọ̀gá, ẹ wo wáyà mọ́tò yín níbi tó ti jáde láti inú ọ̀pá àárín. Bó bá ti ibẹ̀ gòkè lọ tààrà, omi òjò á tọ̀ ọ́ bọ̀, á wọ inú mọ́tò. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ lọ sílẹ̀ kó tó gòkè, kí omi lè máa kán sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ìtẹ̀ rẹ̀. Ẹ yí plọ́ọ̀gì náà kí ẹnu rẹ̀ má kọjú sókè.

Ẹ má fi omi tó ń jáde pẹ̀lú agbára fọ̀ ọ́. Ẹ má sì wọ odò tàbí àbàtà pẹ̀lú mọ́tò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ gbóná, bí omi tútù bá kàn án, afẹ́fẹ́ náà á súnkì, á sì fa omi wọlé gba ihò wáyà àti etí bẹ́árìn. Ọ̀nà tí omi ń gbà wọ mọ́tò tí ìdérí rẹ̀ dára nìyẹn.

Ẹsẹ̀KìíLárẹ̀

Ṣé omi ti lè wọ inú mọ́tò tèmi pẹ̀lú? Ṣé kí n ṣí i?

WáyàMẹ́ta

Ẹ fi táyà dúró lórí ẹ̀gbẹ́ tí wáyà ti jáde, kí ihò náà kọjú sílẹ̀, kí ẹ sì fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí omi bá kán, ẹ ṣí i kí ẹ tó tún gùn ún, kí ẹ gbẹ ẹ́, kí ẹ wo ìpẹ́tà lára òòfà àti bẹ́árìn. Bí nǹkan kan kò bá kán, tí kò sì sí ìró nígbà tí ẹ fi ọwọ́ yí táyà, ẹ fi ìdérí rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Kí ẹ tó gbé táyà padà, ẹ wo rọ́bà tó bo wáyà létí ọ̀pá. Bó bá ti fọ́ tàbí tó ti lọ, ẹ wé e kí bàbà má baà kan irin.

Ìró_Ajá_Inú_Táyà

Èmi náà ti ṣí tèmi. Gíà kan kò ní eyín mẹ́rin mọ́. Mo ka eyín àwọn yòókù, 36 ni. Ẹ bá mi wò ó: ṣé fífẹ̀ wọn láti etí dé etí ni mo máa wọ̀n, àbí láti ihò àárín?

SípánàMọ́kànlá

Láti orí eyín dé orí eyín tó dojú kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ẹ wọn nínípọn rẹ̀, kí ẹ sì wọn ihò àárín pẹ̀lú. Bí wọ́n bá ti fi bẹ́árìn há a, ẹ yọ nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára bẹ́árìn náà fún ẹni tó máa tà á fún yín.